Àpíníà Ojú Oorun: Nígbà Tó Bá Bá Àìsàn Mìíràn Lára

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, Reggie White jáde láyé ní ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 43 ni. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbé sáyà sáré, òkìkí rẹ̀ sì kàn gan-an nídìí eré náà. Àwọn oníṣègùn tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní ó jọ pé lílù ọkàn rẹ̀ ló dàrú nítorí sarcoidosis, àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó ti wọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n fi kún un pé àìsàn kejì tó wà lára rẹ̀ lè ti dá kún ikú náà: sleep apnea, ìyẹn kí èémí máa dá lójú oorun.

Àìsàn méjì, ara kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣòro. Ọ̀pọ̀ ẹni tí dókítà ń sọ fún lónìí pé ó ní àpíníà kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀. Ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tàbí ó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí ikọ́ fée kò jẹ́ kó gbádùn. Ó ní káàdì ní ilé ìwòsàn méjì, ike oògùn kún orí tábìlì rẹ̀, ó sì ti gbà pé òun mọ gbogbo ohun tó ń ṣe òun. Òun ni wọ́n tún wá ń sọ fún pé kó máa de ẹ̀rọ mọ́ imú sùn lálaalẹ́. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe? Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò yìí wo ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ibi tí ìrètí ti pọ̀ ju ẹ̀rí lọ, àti ohun tó ń dènà ìtọ́jú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun

Bí ènìyàn bá sùn, iṣan ara á dẹ̀, títí kan àwọn tó ń jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun ṣí sílẹ̀. Lára àwọn kan, wọ́n á dẹ̀ débi pé ahọ́n àti ẹran ẹ̀yìn ọ̀fun á dí ọ̀nà náà pa. Àyà á máa fà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní ríbi gbà. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta gìrì, ẹni náà á jí díẹ̀, á mí kanlẹ̀, á sì tún sùn padà láìmọ̀ pé òun jí rárá. Bí èémí bá dá tàbí tó rẹlẹ̀ gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, àwọn dókítà á kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ nígbà 5 sí 14 ní wákàtí kan, wọ́n á ní ó ṣì fúyẹ́. Láti 15 dé 29, ó ti kúrò ní kékeré. Láti 30 lọ sókè, ó ti le.

Ẹ̀yà mìíràn tún wà, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti ṣí sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọpọlọ kò rán àyà níṣẹ́ pé kó mí. Èyí wọ́pọ̀ lára àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ àti àwọn tó ń lo oògùn ìrora líle.

Ó ti pẹ́ tí àìsàn náà ti wà, àmọ́ kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọdún 1965 ni àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Faransé àti Jámánì wọn èémí àwọn tó ń sùn tí wọ́n sì rí i pé ó ń dá. Ní 1976, Christian Guilleminault àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fún un lórúkọ tó ń jẹ́ dòní. Lásìkò yẹn, bó bá le tán, wọ́n á lu ihò sí ọrùn aláìsàn kó lè máa gba ibẹ̀ mí. Ní 1980 ni Colin Sullivan, dókítà kan ní ìlú Sydney lórílẹ̀-èdè Australia, wá dán ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú imú wò, kí afẹ́fẹ́ náà lè máa ti ọ̀nà ọ̀fun tí kò fi ní pa dé. Aláìsàn márùn-ún ló wà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde nípa rẹ̀ nínú Lancet ní 1981. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ CPAP tí wọ́n ń lò káàkiri ayé ti wá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Nínú ìṣirò kan tí Lancet Respiratory Medicine gbé jáde ní 2019, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé àpíníà wà lára mílíọ̀nù 936 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 30 sí 69 lágbàáyé, àti pé mílíọ̀nù 425 nínú wọn ló ní èyí tí kì í ṣe kékeré.

Àwọn àìsàn tó ń ti ara wọn lẹ́yìn

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló yẹ kó ṣíwájú. Lójú oorun, ó yẹ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ọkàn lè sinmi. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí èémí bá dá, ara á tú họ́mónù ìdágìrì jáde, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ìfúnpá á sì ròkè. Ẹni tí èyí ń ṣe nígbà 30 ní wákàtí kan á ti rí i ju ìgbà 200 lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oògùn tó lò lálẹ́ ń fà á wálẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń tì í sókè. Ní 2001, Alexander Logan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, yẹ aláìsàn 41 wò, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kọ̀ tí kò wálẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń lo oògùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bá àpíníà lára ìdá 83 nínú 100 wọn.

Ti àtọ̀gbẹ náà kò yàtọ̀. Ní 2009, Gary Foster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò oorun àwọn 306 tí wọ́n sanra tí wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ irú kejì; ìdá 86 nínú 100 ló ní àpíníà, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí oorun bá ń já lemọ́lemọ́, ínsúlínì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Bí ara bá sì sanra sí i, ọ̀nà ọ̀fun á túbọ̀ há. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan á máa ti èkejì.

Ọkàn tó ń lù ségesège, rọpárọsẹ̀, àìsàn kíndìnrín, gbogbo wọn ni àwọn olùwádìí ti bá nídìí àpíníà. Ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà àti ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ nítorí sìgá wà nínú ewu ju ẹlòmíì lọ, torí ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lè ti lọ sílẹ̀ kí oorun tó dé. Bí ẹ̀yà ara tó wà ní ọrùn, tó ń pèsè họ́mónù táíróìdì, kò bá ṣiṣẹ́ tó, ahọ́n àti ọ̀fun lè wú, èémí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá.

Èyí tó yẹ kó ká ọmọ Yorùbá lára jù ni ti àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, torí kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in tó Nàìjíríà. Bí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wọn máa ń tẹ̀ dòdò, tí wọ́n á sì dí òpó ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí bèlúbèlú rẹ̀ tóbi, tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá lóru, ń pàdánù ọ́síjìn tó ṣe pàtàkì jù fún un. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, tí wọ́n ṣe láàárín ọmọ 243 tó ní àrùn náà ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, ìdá 41 nínú 100 ló ní àmì àpíníà. Òbí tó bá ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn nítorí ìrora ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láti sọ bí ọmọ náà ṣe ń sùn.

Ìdí tí wọn kì í fi í tètè mọ̀

Ní ìlú Jackson ní ìpínlẹ̀ Mississippi, Dayna Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ oorun àwọn aláwọ̀ dúdú 852 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Ìdá 24 nínú 100 ló ní àpíníà tí kì í ṣe kékeré. Nínú àwọn tó ní in yìí, ìdá 5 nínú 100 péré ni dókítà ti sọ fún rí. Ní 2019, wọ́n tún wo àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹgbẹ́ ìwádìí kan náà, wọ́n sì rí i pé àwọn tí àpíníà tiwọn le gan-an sún mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbọ́ oògùn ju àwọn tí kò ní in lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀.

Kí ló ń bò ó mọ́lẹ̀? Àìsàn tó ti wà nílẹ̀ ni. Bí ó bá rẹ alátọ̀gbẹ lọ́sàn-án, wọ́n á ní ṣúgà ni. Bí orí bá ń fọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ríru láàárọ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ga. Bàbá àgbà tó ń dìde tọ̀ nígbà mẹ́rin lóru á gbà pé ohun tó ń ṣe àwọn ọkùnrin àgbàlagbà ló ń ṣe òun, tàbí pé oògùn tó ń mú ni tọ̀ ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àyà bá ń fà lásán tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, ọkàn máa ń tú họ́mónù kan jáde tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó tú omi dànù. Ọ̀pọ̀ ni kì í dìde tọ̀ léraléra mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú àpíníà wọn.

Ojú tí àwùjọ fi ń wo híhanrun tún dá kún un. Wọ́n á ní ẹni tó ń hanrun sùn fọnfọn ni, pé iṣẹ́ ló ṣe tó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sì ta jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tó ní nǹkan ń fún òun lọ́rùn, wọ́n lè ní ogun òru ló ń bá a jà. Ní 2007, Aina àti Famuyiwa kọ̀wé nípa ogun òru gẹ́gẹ́ bí àlàyé ìbílẹ̀ tí àwọn Yorùbá ní fún onírúurú ìdààmú tó ń bá ènìyàn lóru. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni pa àdúrà tì kó tó lọ ṣàyẹ̀wò. Ohun tó léwu ni kí àdúrà gba ipò àyẹ̀wò, kí ọdún sì máa yí lu ọdún.

Àwọn obìnrin ni wọ́n tún máa ń gbójú fò jù. Híhanrun tiwọn lè má le. Àìróorunsùn, orí fífọ́ àti àárẹ̀ ni wọ́n á máa sọ fún dókítà, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn bá ti dúró. Oògùn oorun tàbí oògùn ìrònú ni wọ́n sábà máa ń gbà bọ̀.

Ewu rẹ̀ kì í sì í dúró sínú ilé. Ní 2013, Obianuju Ozoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa awakọ̀ èrò 500 ní Èkó. Nǹkan bí ìdajì wọn ló ní àwọn àmì tó fi hàn pé àpíníà lè wà lára wọn. Ní Ìlú Ọba, òfin ní kí ẹni tí àpíníà ń mú kó tòògbé lọ́sàn-án dáwọ́ ọkọ̀ wíwà dúró títí ìtọ́jú á fi ràn án.

Àyẹ̀wò àti ohun tó yẹ kí aláwọ̀ dúdú mọ̀

Ìbéèrè mẹ́jọ kan wà tí Frances Chung, dókítà ní Toronto, gbé kalẹ̀ ní 2008, tí wọ́n ń pè ní STOP-Bang. Ṣé ènìyàn ń hanrun? Ṣé ó ń rẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án? Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i rí pé kò mí lójú oorun? Ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ó sanra gan-an? Ṣé ó ti ju ẹni 50 ọdún lọ? Ṣé ọrùn rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ? Ṣé ọkùnrin ni? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò tó kún jù ni kí aláìsàn sùn sílé ìwòsàn mọ́jú, pẹ̀lú wáyà lórí, láyà, lẹ́sẹ̀ àti ní imú. Irú èyí tí ènìyàn lè gbé lọ sílé tún wà. Owó rẹ̀ kéré, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí tó ń lo oògùn ìrora líle, tilé ìwòsàn ló yẹ ẹ́, torí ti inú ilé lè má fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀fun tó dí àti ọpọlọ tí kò ránṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ní láti mọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka láti wọn ọ́síjìn máa ń ka iye tó ju bó ṣe yẹ lọ lára àwọ̀ tó dúdú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà kì í rí àìtó ọ́síjìn lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tí kì í rí i lára àwọn aláwọ̀ funfun. Níwọ̀n bí àyẹ̀wò inú ilé ti gbára lé ẹ̀rọ yìí púpọ̀, ẹni tí wọ́n ní kò sí nǹkan, tó ṣì ń hanrun, tó sì ṣì ń tòògbé lọ́sàn-án, ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, inú àwọn kan máa ń dùn pé wọ́n ti rí orúkọ fún àárẹ̀ tí wọ́n ti fi ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Inú àwọn mìíràn á bàjẹ́. Ẹni tó ń wọn ṣúgà láàárọ̀, tó ń ka oògùn lọ́sàn-án, tó sì ń sáré dé ilé ìwòsàn lóṣooṣù, òru ló kù fún un láti sinmi. Wọ́n tún wá fún un níṣẹ́ lóru. Kò yẹ kí dókítà kankan fojú kékeré wo ìbànújẹ́ yìí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àpíníà, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ẹni tí méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀ yẹ lẹ́ni tí wọ́n á bi léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí.

Ní ti ẹ̀rọ CPAP fúnra rẹ̀, ìlò rẹ̀ dà bíi ti awò ojú: kì í wo àìsàn náà sàn, ó ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí tó bá fi wà lójú ni, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ tí wọ́n bá ti bọ́ ọ. Ìwádìí tí Terri Weaver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1997 fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn láàárín àwọn tó máa lò ó déédéé àti àwọn tó máa pa á tì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé ìwòsàn tó fúnni lẹ́rọ máa pe aláìsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ọ̀pọ̀ ohun tó ń lé ènìyàn kúrò nídìí ẹ̀rọ ló ní àtúnṣe. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já pé òun á sé sínú ìbomú lè máa dè é lọ́sàn-án nígbà tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, kí ara rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ lè lo ike omi tó ń mú afẹ́fẹ́ lọ́rinrin. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ń jò lójú lè gba ìbomú tó wọ inú ihò imú nìkan, ẹni tó ń fẹnu mí á sì gba èyí tó bo imú àti ẹnu. Obìnrin tó dirun lè ní kí wọ́n bá òun wá okùn tí kò ní fún irun lára. Ẹni tí làkúrègbé ti mú ní ìka lè fẹ́ràn ìbomú onímágínẹ́ẹ̀tì torí ó rọrùn láti dè, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń tì lílù ọkàn lẹ́yìn bá wà láyà rẹ̀ tàbí irin kan bá wà lórí rẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án láìbi dókítà: ní 2022, ilé iṣẹ́ Philips kìlọ̀ nípa ọ̀pọ̀ ìbomú rẹ̀ nítorí èyí. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù Kẹfà 2021, ilé iṣẹ́ kan náà ti pe mílíọ̀nù mélòó kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí fóòmù tó lè máa rún sínú afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń fà símú. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, èyí tó pọ̀ lọ́jà wa, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà bóyá ó wà lára wọn.

Ojú tún ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sídìí fún un. Ní 2011, Shaquille O'Neal, òmìrán agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, gbà kí àwọn dókítà Harvard ya fídíò ìtọ́jú rẹ̀ kí gbogbo ayé wò ó. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé Ààrẹ Joe Biden ń lo CPAP, lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn rí ojú àpá okùn rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ibí yìí ló yẹ kí a ti sọ òótọ́ fún aláìsàn. Ní 2016, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SAVE jáde. Àwọn 2,717 tó ti ní àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. CPAP kò dín ikú ọkàn, ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kù láàárín wọn. Ohun méjì ló yẹ ká rántí: wákàtí 3.3 péré ni wọ́n ń lò ó lóru, wọn kò sì mú àwọn tó ń tòògbé gan-an wọ ìwádìí náà. Síbẹ̀, títòògbé dín kù, ìrẹ̀wẹ̀sì dín kù, iye ọjọ́ tí wọ́n fi pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìlera sì dín kù.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwádìí kan ní Spain ní 2013 láàárín 194 ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbọ́ oògùn mẹ́ta fi hàn pé CPAP fa ìfúnpá wálẹ̀ ní nǹkan bí àmì 3 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12. Ó dára, àmọ́ kò tó ohun tí ènìyàn á torí ẹ̀ da oògùn nù. Ní ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èsì àwọn ìwádìí kò tíì ṣọ̀kan.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló yẹ gbogbo ọkàn. Ní 2015, ìwádìí SERVE-HF fi hàn pé irú ẹ̀rọ kan tó ń yí agbára afẹ́fẹ́ padà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ASV, mú kí ikú ọkàn pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ gan-an tí ọpọlọ wọn kì í sì í ránṣẹ́ èémí. Nítorí náà, ẹni tó ní àìsàn ọkàn kò gbọ́dọ̀ yá ẹ̀rọ ẹlòmíì lò.

Oògùn tí aláìsàn ń lò fún àìsàn àtijọ́ ni ó tún yẹ kí wọ́n tú wò. Tramadol, codeine àti pentazocine tí àwọn alárùn fòníkú-fọ̀la-dìde mọ̀ dáadáa lè mú kí ọpọlọ gbàgbé èémí. Valium àti Lexotan tí àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì láìgba ìwé dókítà lè jẹ́ kí ọ̀fun túbọ̀ dẹ̀. Ọtí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ń jẹ̀rora máa jìyà. Ó túmọ̀ sí pé kí dókítà ìrora mọ̀ pé àpíníà wà níbẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó máa fún un lóògùn oorun, kó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí ẹ̀rọ kò bá lára mu. Fífẹ̀gbẹ́ sùn ń ran àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá nàyìn sùn ni tiwọn ń le. Ike kan wà tí dókítà eyín máa ń ṣe láti fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú. Yíyọ bèlúbèlú kúrò ń ran ọ̀pọ̀ ọmọdé lọ́wọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2000, fi hàn pé ẹni tó bá dín ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kù lè retí kí àpíníà rẹ̀ dín ní nǹkan bí ìdá 26. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tirzepatide, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àtọ̀gbẹ, fún àwọn tó sanra tí àpíníà wọn kì í ṣe kékeré. Nínú ìwádìí tó gbé e dé ibẹ̀, iye ìgbà tí èémí ń dá fi nǹkan bí 25 sí 29 dín kù ní wákàtí kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 52. Ó wọ́n gan-an.

Owó, iná àti ẹni tó ń sùn nítòsí

Ní Ìlú Ọba, ilé ìwòsàn ìjọba á yá aláìsàn ní ẹ̀rọ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìjọba fún ìlera àwọn àgbàlagbà, tí wọ́n ń pè ní Medicare, ń sanwó, ṣùgbọ́n aláìsàn gbọ́dọ̀ fi hàn láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pé òun lò ó fún wákàtí 4 ó kéré tán, ní ìdá 70 nínú 100 àwọn òru láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí ìrora tàbí ọkàn bá gbé wọ ilé ìwòsàn lásìkò yẹn lè pàdánù rẹ̀ bí kò bá tètè sọ. Ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ ti ń san owó àyẹ̀wò àti ti ẹ̀rọ, ibi tí wọ́n sì ti ń ṣe àyẹ̀wò náà kò pọ̀.

Iná ọba tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó kú lóru kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bátìrì, ínfátà tàbí sólà lè gbé CPAP mọ́jú, pàápàá tí wọ́n bá pa apá tó ń mú omi gbóná, torí òun ló ń jẹ iná jù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń tú èéfín nítòsí fèrèsé yàrá kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá, torí ẹ̀rọ náà á máa fẹ́ èéfín sínú ẹ̀dọ̀fóró ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹlẹ́rìí tó dára jù ni ẹni tó ń sùn nítòsí. Bí ìyàwó bá sọ pé, "Bàbá Ṣadé, ẹ̀rù bà mí lóru àná, ẹ kàn dákẹ́ lọ gbári, ẹ ò mí," ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí wọ́n á gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kó bá ọkọ rẹ̀ lọ, kó sì sọ ọ́ bó ṣe rí i. Ó tún lè fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rí fi hàn ni pé kò yẹ kí wọ́n tọ́jú àpíníà lọ́tọ̀ kí wọ́n tọ́jú àìsàn àtijọ́ lọ́tọ̀. Kí dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ṣúgà àti dókítà oorun rí ìwé ara wọn. Bí wọn kò bá sí nílé ìwòsàn kan náà, kí aláìsàn kọ orúkọ gbogbo oògùn àti àìsàn rẹ̀ sórí pépà kan, kó máa mú un dání lọ sọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ẹnikẹ́ni má dín oògùn rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ nítorí pé oorun rẹ̀ ti dára. Kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta tí kò wálẹ̀, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ kọ̀ tí kò rọlẹ̀, àti òbí ọmọ alárùn fòníkú-fọ̀la-dìde tó ń hanrun, béèrè àyẹ̀wò oorun nígbà tí wọ́n bá tún padà sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn, kí ẹ sì wọn ọrùn wọn. Téèpù tí télọ̀ ń lò ti tó fún un.